Ṣé owó orí ayé òyìnbó ló di tíkẹ́ẹ̀tì báyìí?

Aládìrẹ: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ábẹ́òkúta níbí. Lánàá kí n tó ta yàádì kan, wọ́n ti já tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún mi, àwọn tó gbowó ò sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa ṣì dí pa. Ṣebí a ti gba òmìnira láti 1960, kí ló dé tí nǹkan ṣì rí báyìí?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí 1914 tó dé, Ẹ̀gbá ló ń ṣèjọba ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí dé ní 1918, ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà. Òyìnbó ò gbà á fúnra ẹ̀, ọba àtàwọn olóyè ló fi ṣáájú, ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́, torí ẹni tó ń gbowó ò jíhìn fún ẹni tó ń san án.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ìyá wa ò dákẹ́ o! Wọ́n tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ jókòó ti ààfin tọ̀sán tòru, ní 1949 Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀, wọ́n sì yọ owó orí obìnrin. Ẹ kó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn pamọ́ àǹtí mi, kí gbogbo ìsọ̀ jọ lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀.

Aládìrẹ: Ẹ ṣé mà. Mo ti rí méjì nínú báàgì mi, ọ̀kan ò tiẹ̀ ní òǹtẹ̀ rárá. Màá bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.