Híhá ni, kì í ṣe ìdákú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà kan nípa kernel Linux, ìyẹn ètò tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì ń wá orúkọ fún àìsàn kan: a tan kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ó dé àárín ọ̀nà, ó dákẹ́. A tún un tan, ó jí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹnì kan ní ká pè é ní ìdákú. Ẹlòmíì ní ìtakú. Ìyá wa kan mú àbíkú wá, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń pàtẹ́wọ́.

Èmi ò bá yín pàtẹ́wọ́. Àbíkú dùn létí lóòótọ́, àmọ́ àbíkú ti dá ọjọ́ tó máa lọ kó tó wá. Àìsàn tiwa yìí kò dá ọjọ́ kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ débẹ̀ ni, láàárín iṣẹ́ méjì tó ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Takú ní tirẹ̀ ní agídí nínú. Ẹni tó takú mọ̀ pé òun ò fẹ́ lọ. Dákú sàn ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákú kò ṣe nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín.

Kernel tó dákẹ́ lè máa ṣe làálàá lọ́wọ́. Nígbà míì, iṣẹ́ kan ti gba ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà (CPU), ó ń pòòyì lójú kan, kò fún ẹlòmíì láyè. Níbi tí wọ́n bá ti tan aṣọ́nà inú Linux sílẹ̀, yóò figbe ta lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó ń pòòyì: iṣẹ́ náà sùn ni, ó ń retí ohun tí kò dé, bóyá dísíìkì tí kò fèsì. Ìyẹn ń gbà tó 120 ìṣẹ́jú àáyá kí aṣọ́nà tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ìpòòyì àti oorun kì í gba oògùn kan náà. Ìdákú bò wọ́n mọ́lẹ̀ pọ̀.

Há ni mo fara mọ́, torí pé bí nǹkan bá há, a ó béèrè ibi tó há sí. Ìbéèrè onítúnṣe nìyẹn. Ìlà tó kẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ọ̀daràn; ó lè ti parí tirẹ̀ kó lọ, kí èyí tó tẹ̀ lé e wá há láìfọhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ initcall_debug mọ́ àṣẹ ìtají: kernel á máa dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pè é, bí iṣẹ́ náà bá sì padà dé, á sọ iye àkókò tó lò. Èyí tí a gbọ́ àlọ rẹ̀ tí a ò gbọ́ àbọ̀, òun la ó kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wo ti ọdún 2019, nígbà tí Linux 5.3 ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n tún ètò fáìlì ext4 ṣe kó lè dín ìgbà tó ń kàn sí dísíìkì kù, àtúnṣe náà sì dára. Ṣùgbọ́n lára ìgbòkègbodò dísíìkì yẹn ni kernel ti ń ṣa ohun tó fi ń ṣe nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú. Nígbà tó dín kù, iṣẹ́ tó pe getrandom, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, lásìkò ìtají jókòó, ó ń retí. Nítorí pé ó jókòó, nǹkan míì ò ṣẹlẹ̀ tí ì bá mú ohun tó ń retí wá. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, yọ àtúnṣe náà kúrò kí 5.3 tó jáde, nígbà tó sì di 5.4, kernel ti ń wá ohun àìròtẹ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ta ló dákú níbẹ̀? Kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ká pe ọ̀ràn iṣẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ èkejì mú ní ìhámọ́ra, kó tún un rò. Ẹni tó bá ti ka Bíbélì rí á ní kernel gbé apata. Ìdúródera-ẹni ni mo dábàá.

Ní ti pé ó ń ṣe, kò ń ṣe, híhá ségesège tẹ́ mi lọ́rùn ju híhá ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, torí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń dún bí ohun kékeré. Bí kernel bá ń há lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 10, ìdá 35 nínú 100 ló wà pé yóò jí nígbà 10 léraléra láìséwu. Ó di ìgbà 44 kí ìdá náà tó já sí ẹyọ kan. Ẹni tó ń fi git bisect (irinṣẹ́ tó ń dán àwọn ẹ̀dà kernel wò láti mọ èyí tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀) wá ìdí rẹ̀, tó tètè kọ “ó dára” síwájú ẹ̀dà tó ní àrùn, ọ̀nà ibòmíì ló gbà lọ yẹn.

Ó ku ìkan: àṣìṣe tó ń pòórá nígbà tí a bá fi ìlà kún kernel láti fi ṣọ́ ọ, torí ìlà náà ti yí àkókò padà. Ẹni tó bá ní orúkọ fún ìyẹn, kó mú un wá.