Gómìnà kì í dárí jini

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni ká máa lò tí ẹni tí a ṣẹ̀ bá gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀, àti tí gómìnà bá dá ẹ̀mí ẹni tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún sí? Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí a fi “ìdáríjì” ṣe gbogbo rẹ̀: ì báà jẹ́ Ọlọ́run ló ṣe é, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, ì báà jẹ́ gómìnà. Wọ́n ní rédíò ti ń lò ó, etí sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù màmá tó ń bá mi ránṣọ. Rédíò ní gómìnà kan ti “dárí ji” àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún. Màmá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ó dárí jì wọ́n kẹ̀? Ṣé ọmọ tiẹ̀ ni wọ́n pa ni?” Wọ́n feyín já òwú, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àlàyé tí mo fẹ́ fi ojú ìwé mẹ́ta ṣe, wọ́n ti ṣe é tán.

Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń dárí jini. Ẹ wo Mátíù 6:12 nínú Bíbélì àtijọ́: “Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí jì àwọn onígbèsè wa.” Gbèsè ló wà níbẹ̀ o. Ẹ̀ṣẹ̀ là ń wí tí a bá ń gbàdúrà náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, la fi gbàgbé. Tí mo bá jẹ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ta ni aládùúgbò rẹ tí yóò ní kí n má san án mọ́?

Ọ̀ràn méjì kan wà ní Amẹ́ríkà tó la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Karla Faye Tucker àti ọkùnrin kan fi díígà pa èèyàn méjì ní Houston lọ́dún 1983. Tucker di onígbàgbọ́ lẹ́wọ̀n. Arákùnrin obìnrin tó wà nínú àwọn méjì tí wọ́n pa dárí jì í, ó tilẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ikú rẹ̀ bí ẹni tirẹ̀. Ọkọ obìnrin kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ò dárí jì í ní tiẹ̀. Pat Robertson, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, bá a bẹ̀bẹ̀. George W. Bush, tó jẹ́ gómìnà Texas nígbà náà, ní ọ̀rọ̀ ọkàn ẹni tó ń retí ikú, kí a fi í lé Ẹni tó ju àwa lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1998. (Ẹni tó kọ̀wé síbí pé wọ́n “yẹgi fún un”, abẹ́rẹ́ olóró ni wọ́n gún un o. Kò sí igi ńbẹ̀.)

Nígbà tó di oṣù Kínní 1999, Póòpù John Paul Kejì dé St. Louis ní Missouri. Ó bẹ Gómìnà Mel Carnahan nítorí ọkùnrin kan tó pa ẹni mẹ́ta. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Carnahan, ó sì fara mọ́ ìdájọ́ ikú. Ó ní ọ̀wọ̀ Póòpù lòun wò tóun fi yí ti ọkùnrin náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún yẹn náà ni Missouri pa àwọn mìíràn, lójú Carnahan kan náà.

Ti Tucker, wọ́n dárí jì í, orí ṣì lọ. Ti Missouri, orí kù, gómìnà ò sì dárí ji ẹnikẹ́ni. Tí orúkọ kan ṣoṣo bá ń jẹ́ méjèèjì, báwo la ó ṣe sọ ìtàn yìí fún ọmọ Yorùbá tó fi máa yé e?

Ohun tí mo rò nìyí: kí “dárí jì” máa jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀, kí “forí jìn” máa jẹ́ ti ẹni tí Róòmù 13:4 sọ pé kò gbé idà lásán. Ẹ tú u wò: fi orí jìn. Orí lẹni tó nidà lè gbà, orí náà ló lè fi tọrẹ. Carnahan fi orí ọkùnrin náà ta Póòpù lọ́rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀.

Mo gbé e padà lọ bá màmá aránṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí nìyẹn. Ṣebí ọmọ ìjọ Àgùdà ni ọ́?” Òótọ́ ni, Aláforíjìn ni àwọn Mùsùlùmí ń pe Ọlọ́run, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi kọ lù mí níbí. Ṣùgbọ́n Dáfídì tó ní kí wọ́n fi Ùráyà síwájú ogun kó lè kú, òun náà ló sọ fún Ọlọ́run ní Sáàmù 51 pé “Ìwọ, ìwọ nìkanṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí.” Ọlọ́run ni a ṣẹ̀, Ọlọ́run náà ló nidà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì bá a mu. Gómìnà wo la fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ti pé àwọn ìwé ìròyìn kì í bìkítà bóyá “jì” ni àbí “jìn”, mi ò ní èsì sí i. Àmì ohùn gan-an wọn kì í fi sí i.

Ẹlòmíràn ní kí a tún “Ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn” inú Ẹ́kísódù 20:13 kọ sí “Ìwọ kò gbọdọ̀ fi ìkà pànìyàn”, kó má baà kan adájọ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Nínú Númérì 35:30, ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà ni wọ́n lò fún apànìyàn àti fún pípa tí wọ́n ní kí wọ́n pa á. Àwọn Kristẹni alára ò tíì fohùn ṣọ̀kan: Southern Baptist Convention, ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ìpinnu lọ́dún 2000 pé ìdájọ́ ikú tọ́, Póòpù Francis sì tún katikísìmù wa, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ Àgùdà, ṣe lọ́dún 2018 pé kò ṣeé fàyè gbà. “Kò ṣeé fàyè gbà” ni o, ẹ̀yin tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí “ẹ̀ṣẹ̀ ni”.

Ó ku “ìyíkúsẹ́wọ̀n” tí Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fún yíyí ìdájọ́ ikú padà sí ẹ̀wọ̀n. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ahọ́n mi kọ́. “Wọ́n yí ìdájọ́ ikú rẹ̀ padà sí ẹ̀wọ̀n gbére” gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n màmá aránṣọ ò ní gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kó tó yé wọn.