Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ó mú kí ìgbé ayé Virginia àti ti Massachusetts yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀?

Bàbá Àkọ́bí, Maryland (olùbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Wọ́n ní kí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, dúró níwájú kíláàsì rẹ̀ kí ó ṣàlàyé ìdí tí ìgbé ayé àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀dó sí Virginia ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn fi yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó tẹ̀dó sí Massachusetts, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, tí wọ́n ń sìn ọba kan náà, tí wọ́n sì ń sọ èdè kan náà. Àtẹ kan wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó pín gbogbo ọ̀rọ̀ sí àríwá, àárín àti gúúsù, ó sì ti há a sórí láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà, ó ní àwọn ará àríwá, bíi Massachusetts, fẹ́ràn Ọlọ́run, àwọn ará gúúsù, bíi Virginia, sì fẹ́ràn owó. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, síbẹ̀ n kò mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe, nítorí ìtàn Mungo Park àti ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander ni wọ́n kọ́ àwa ní ilé ẹ̀kọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, àbúrò mi. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: àwọn wo ni ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Nǹkan bí ènìyàn 104 ni ó dé Jamestown ní Virginia ní 1607, gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan ní London ni ó rán wọn, èrè ni ó sì ń retí. Nígbà òtútù 1609 sí 1610, ìyàn mú débi pé nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, nǹkan bí 60 péré ni ó ṣẹ́kù. Tábà tí John Rolfe bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ní nǹkan bí 1612 ni ó gba ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tábà a máa gba agbára ilẹ̀. Bí a bá ti gbìn ín sí ojú kan fún ọdún díẹ̀, àfi kí a tún ṣán igbó mìíràn. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe fọ́n ká sí etí odò, níbi tí ọkọ̀ ti lè wá kó tábà rẹ̀, tí oko sì jìnnà sí oko.

Ní Massachusetts, láti 1630, tọkọtaya ni ó ń wá pẹ̀lú ọmọ wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú aládùúgbò wọn àti àlùfáà wọn. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, àkókò ọ̀gbìn kúrú, kò sì sí irúgbìn tí wọ́n lè tà sí Yúróòpù bí tábà. Wọ́n ń gbin ohun tí wọn yóò jẹ, wọ́n ń pẹja kọ́ọ̀dù, irú ẹja tí a fi ń ṣe òkpòrókó, wọ́n sì ń kan ọkọ̀. Ilé wọn sún mọ́ra yí ilé ìjọsìn ká, wọ́n ní pápá ìjẹko àjùmọ̀ní, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé ìlú. Ní 1647 ni wọ́n ṣe òfin pé ìlú tí ó bá ní ìdílé 50 gbọ́dọ̀ ní olùkọ́, nítorí wọ́n gbà pé kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì. Ọmọ yín kò ṣìnà pátápátá nígbà tí ó dárúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé òfin ní Virginia náà mú àwọn ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ilé ti sún mọ́ ilé nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ ti rọrùn láti dá sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru, London

Ẹ má gbàgbé àìsàn, ẹ jọ̀wọ́, nítorí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n mọ ohun tí omi búburú lè ṣe sí ìdílé. Irà ni ó yí Jamestown ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa wọ inú odò tí wọ́n ń mu. Tàìfọ́ọ̀dù, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà ni ó pa ọ̀pọ̀ wọn. Otútù Massachusetts le, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ mọ́ ju ti Jamestown lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dàgbà débi pé wọ́n rí ọmọ-ọmọ wọn. Ní Virginia àti Maryland, bàbá tàbí ìyá ọ̀pọ̀ ọmọ ti kú kí wọ́n tó bàlágà. Opó a fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ náà a kú, a tún fẹ́ òmíràn, títí inú ilé kan yóò fi kún fún ọmọ tí wọn kò bá ara wọn tan rárá. Àwọn kóòtù ibẹ̀ níláti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ogún àwọn ọmọ òrukàn.

Ìyá Ìbejì, Boston

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn sọ pé ọwọ́ àríwá mọ́. Inú ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Massachusetts ti fi ẹrú níní sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1641. Ẹja iyọ̀ tí kò dára tó fún ọjà Yúróòpù ni wọ́n ń tà sí erékùṣù Kàríbíánì láti fi bọ́ àwọn ẹrú tí ó wà lóko ìrèké, ọkọ̀ láti Newport ní Rhode Island sì ń gbé ọtí rọ́ọ̀mù lọ sí Áfíríkà láti fi ra àwọn ènìyàn wa. Ní ti ẹ̀sìn, àwọn tí ó sá fún ìnira ní ilẹ̀ wọn ni ó lé Anne Hutchinson, obìnrin tí ó ta ko ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn, jáde ní 1638, tí wọ́n sì so àwọn kan nínú àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni mìíràn, kọ́ ní Boston láàárín 1659 àti 1661.

Bàbá Àkọ́bí, Maryland

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ mi jókòó tì mí bí mo ṣe ń ka ìdáhùn yín. Ó ń bèèrè bóyá ẹrú ni àwọn ìránṣẹ́ funfun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko tábà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìwọ̀fà ni wọ́n. Ṣé ó tọ̀nà?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyàtọ̀ hàn án. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ san èlé owó tí wọ́n yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni ó bọ́. Ìránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń fi iye ọdún tí wọ́n ti dá, ọdún mẹ́rin sí méje nígbà púpọ̀, san owó ọkọ̀ tí ó gbé e wá, ọ̀gá rẹ̀ sì lè ta èyí tí ó kù nínú ọdún náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kú kí ọdún wọn tó pé. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó lé díẹ̀ ní 20 tí wọ́n kó dé Point Comfort ní Virginia ní Oṣù Kẹjọ 1619 kò ní irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní 1662, Virginia ṣòfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò bọ́ sí: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ. Ẹ ka ìyẹn fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Charleston

Kí ó má sì ka gbogbo gúúsù sí ọ̀kan. Àwọn tí ó wá láti Barbados wà lára àwọn tí ó fìdí Carolina múlẹ̀ níbí ní 1670, wọ́n sì kó àṣà oko ẹrú wọn wá. Ìrẹsì ni ó sọ wọ́n di olówó. Nígbà tí ó fi di 1708, àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ ju funfun lọ. Láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú yìí ni èdè Gullah, tí ó da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ àwọn èdè Áfíríkà, ti ṣẹ̀.

Bàbá Àkọ́bí, Maryland

A ti pa àtẹ yẹn tì. Ó fẹ́ sọ ìtàn ọmọ ọdún 13 méjì, ọ̀kan ní Boston, ọ̀kan létí odò ní Virginia. Ní Sátidé a ó lọ sí St. Mary's City, níbi tí Maryland tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1634, kí ó lè rí bí oko tábà ṣe rí. Ìbéèrè tí yóò fi ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́: "Bí bàbá àti ìyá mi bá ti kú, tí ilé tí ó sún mọ́ wa jù sì wà ní òdìkejì odò, ta ni yóò kọ́ mi ní ìwé?"