Èsì: Kí la ó pe understeer? Ẹ jẹ́ ká fi ìyíkùnà sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá èdè wa.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé atọ́nà fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ eré ṣe ló bi wá pé kí la ó pe understeer ní Yorùbá. Ó ṣàlàyé rẹ̀ yé wa: awakọ̀ wọ kọ́nà, ó yí sítíárìn, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ ń lọ sí ìta kọ́nà, kò tẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ darí rẹ̀ sí. Àbá mẹ́ta ló ti jáde. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè mú ìyíkùnà wá, ó sì fi ìyíjù tì í fún oversteer, ìyẹn nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣáájú orí. Ẹlòmíràn ní ìyọ̀ iwájú àti ìyọ̀ ẹ̀yìn ló tọ́. Ẹnì kẹta ní ká kúkú máa kọ ọ́ ní ọ́ńdásítíà.

Àbá tèmi ni ìjọ̀wọ́ iwájú fún understeer àti ìjọ̀wọ́ ẹ̀yìn fún oversteer, jọ̀wọ́ bí ìgbà téèyàn jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Èmi ò fara mọ́ ìyíkùnà rárá, kì í sì í ṣe pé kò dùn létí. Ó dùn. Àmọ́ ibi tí ẹ̀bi ò sí ló gbé e lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìyíkùnà á gbà pé yíyí ni kò tó, á sì fi kún un. Ohun tí kò yẹ kí awakọ̀ ṣe gan-an nìyẹn. Bí táyà iwájú bá ti lo gbogbo agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú tán, sítíárìn téèyàn bá tún yí kún un kò ní mú ọkọ̀ wọlé. Táyà á kàn máa fi ẹ̀gbẹ́ họ ọ̀dà ni. Ohun tó yẹ ni kí awakọ̀ dá sítíárìn padà díẹ̀, kó sì rọra dín iná tó ń tẹ̀ kù, kí ìwúwo ọkọ̀ lè padà sórí táyà iwájú. Ìwé atọ́nà kò gbọdọ̀ fi orúkọ ti èèyàn sí òdìkejì ohun tó yẹ kó ṣe.

Mo mọ ibi tí ìyíkùnà ti wá. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ti jáde, a fọ́ ọ sí méjì, a sì wá ẹnì kejì fún apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún ìlò ara wọn. Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní General Motors ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn Jámánì tẹ̀ lé e, wọ́n ní Untersteuern. Faransé náà ní sous-virage. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́nu àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà. Ní Brazil, ọ̀rọ̀ ìwé wà, subesterço, àmọ́ sair de frente ni awakọ̀ ń sọ, pé ọkọ̀ ń fi iwájú jáde; bó bá jẹ́ ìdí ni, wọ́n á ní sair de traseira. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ eré nínú ìdíje NASCAR kì í fẹ́ràn understeer lẹ́nu, wọ́n á ní ọkọ̀ náà ń push, pé ó ń tì. Gbogbo wọn ń sọ ohun tí ojú rí, tí ara sì mọ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ ká gbà.

Ìyọ̀ iwájú wá sún mọ́ òótọ́ gan-an, nítorí ó dárúkọ iwájú. Àríyànjiyàn mi pẹ̀lú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Lẹ́nu tiwa, ohun tó bá yọ̀ ti lọ nìyẹn: ẹsẹ̀ yọ̀ lórí ọ̀bọ̀rọ́, ọwọ́ yọ̀ lára ẹja. Táyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo táyà tó bá ń gba kọ́nà, kódà ní ìwọ̀n eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ibi tó kọjú sí àti ibi tó ń lọ gan-an kì í bára mu. Rọ́bà rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń fi díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Àlàfo igun tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ kí a pè ní ìyapa táyà. Bí ìyapa táyà iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní understeer ti wà nìyẹn, láì tíì sí nǹkan kan tó yọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò fi èyí hàn kedere. Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 4138, tó sọ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ yípo lórí òbìrí. Ọ̀nà kan níbẹ̀ ni pé kí òbìrí má yí padà, ká ní mítà 100 láti àárín, kí awakọ̀ máa fi eré kún eré díẹ̀díẹ̀. Bí eré ṣe ń pọ̀, bó bá di dandan kó máa yí sítíárìn sí i kó má baà jáde kúrò lórí òbìrí, iwájú ló ń jọ̀wọ́. Bó bá di dandan kó máa dá a padà, ẹ̀yìn ni. Ẹ kíyè sí i pé kò sí jàǹbá kankan nínú àyẹ̀wò yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí àwa àti ìdílé wa ń gùn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe báyìí láti ilé iṣẹ́, nítorí ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rọrùn fún awakọ̀ lásán láti mú padà ju èyí tí ìdí rẹ̀ yí dànù lọ. Ìdí kejì nìyẹn tí kùnà kò fi yẹ kó wọ inú orúkọ náà. Ìwà ọkọ̀ ni, ó sì lè pọ̀ tàbí kó kéré.

Ẹ wo Audi quattro tó jáde ní 1980. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà márùn-ún rẹ̀ jókòó síwájú táyà iwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń gba agbára. Ọkọ̀ yìí gba ife-ẹ̀yẹ àwọn aṣelọ́pọ̀ nínú ìdíje rálì àgbáyé ní 1982 àti 1984, òun náà ni Michèle Mouton, obìnrin ará Faransé, fi borí ní Sanremo ní 1981. Síbẹ̀, orí rẹ̀ wúwo, gbogbo ẹni tó wà á ló mọ̀ pé imú rẹ̀ kì í fẹ́ wọ kọ́nà. Ohun tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á ṣì wà lórí iná, kí imú lè tẹ̀ba, kí ìdí sì fúyẹ́, kó lè yí. Ta ló máa sọ fún mi pé àwọn wọ̀nyẹn ò yí sítíárìn tó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni ibi àyẹ̀wò, torí ìwé tí àbúrò wa ń túmọ̀, àyẹ̀wò ló dá lé. Mo mọ ọkọ̀ eré kan tí olówó rẹ̀ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé “kì í yí tó.” Ẹni yẹn tú gbogbo ìdí sítíárìn, ó pààrọ̀ rẹ̀, owó ńlá sì lọ. Síbẹ̀, ìṣòro ọkọ̀ náà ò lọ. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà ní ìparí: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tuntun ló wà lẹ́yìn, tòkunbọ̀ tó ti gan ló wà níwájú. Ó fi ọwọ́ pa etí ìta táyà iwájú. Ó ti jẹ dànù, ó ń họ ọwọ́, etí inú sì ṣì dúró digbí. Ìyẹn nìkan ti sọ nǹkan méjì: táyà ti gbó, ìdúró rẹ̀ sì gún jù, ó yẹ kí orí rẹ̀ fì sínú díẹ̀ sí i kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ nínú kọ́nà. Táyà tuntun méjì àti aláínmẹ́ńtì ló yanjú rẹ̀.

Ká ní “iwájú ló ń jọ̀wọ́” ni olówó ọkọ̀ sọ, iwájú ni ojú mẹkáníìkì ì bá kọ́kọ́ lọ. Á béèrè pé níbo nínú kọ́nà: ṣé bó ṣe ń wọ̀ ọ́ ni, tí bíréèkì ṣì wà lẹ́sẹ̀, ṣé láàárín ni, àbí ìgbà tó ń jáde tó sì tẹná, tí agbára gbé ìwúwo lọ sẹ́yìn? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ táyà, tí a gbọ́dọ̀ wọ̀n nígbà tí táyà tutù, á wo búṣì, á wo ṣọ́ọ̀kì, kó tó kan ọ̀pá stabilizer, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ òsì ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún. Ọ̀pá yẹn máa ń tan àwọn tó fẹ́ràn eré: wọ́n á ra èyí tó le fún iwájú kí ọkọ̀ má baà máa fì, ìjọ̀wọ́ iwájú á sì pọ̀ sí i. Ọ̀pá tó le á da ìwúwo iwájú lé táyà ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ táyà tí ẹrù rẹ̀ di ìlọ́po méjì kì í di ilẹ̀ mú ní ìlọ́po méjì.

Ẹni tó ní ká máa kọ ọ́ńdásítíà náà kò ṣẹ̀. Táyà, bíréèkì, gíá, gbogbo wọn ti di tiwa. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ ń dì mú ni ìwọ̀nyẹn. Èèyàn lè nàka sí wọn. Understeer kò ṣeé nàka sí, orúkọ rẹ̀ ló máa ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí a lo ìfàsíta. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí “ọkọ̀ ń fà” ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní gáréèjì: ọkọ̀ tó ń yà sápá kan lójú ọ̀nà tó gún. Jọ̀wọ́ ni mo yàn, bí a ṣe ń sọ pé ó jọ̀wọ́ okùn. Mo mọ̀ pé a tún fi ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ “iwájú ń jọ̀wọ́” tí á rò pé ọkọ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó sì ṣeé wọ̀n: ó jọ̀wọ́ díẹ̀, ó jọ̀wọ́ gan-an. Fún handling, ìyẹn bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́ awakọ̀, ìgbọ́ràn ọkọ̀ tó fún mi.

Bí mo ṣe máa kọ ojú ewé àkọ́kọ́ fún àbúrò wa nìyí, kẹ́ ẹ bá mi tún un ṣe:

“Bí ọkọ̀ kò bá gbọ́ràn nínú kọ́nà, kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìjọ̀wọ́ iwájú ni tàbí ìjọ̀wọ́ ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ iwájú, má yí sítíárìn sí i. Wo ọjọ́ orí táyà, wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ pa etí méjèèjì kó o tó tú ohunkóhun.”