Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn Faransé ò fẹ́ràn ará Amẹ́ríkà? Ọmọ mi fẹ́ lọ ṣe tíṣà níbẹ̀

MamaTolu:
Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè fún àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Faransé tàbí tó ti gbé ibẹ̀ rí. Ọmọ mi obìnrin, Atlanta la bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní TAPIF, èyí tí ìjọba Faransé fi ń kó àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wá kí wọ́n máa ran àwọn tíṣà tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n ti mú un, agbègbè Lille ni wọ́n fi í sí, lápá àríwá lọ́hùn-ún. Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n dádì ẹ̀ ti fárígá pé kò ní í lọ, pé àwọn Faransé kórìíra ará Amẹ́ríkà, pé àwọn rántí bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nígbà ogun Iraq, àti pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ àwọn lọ sí Paris léṣìí, wẹ́tà ò tiẹ̀ wojú onítọ̀hún. Èmi ò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́ mọ́. Ṣé wọ́n á máa yọ ọ́ lẹ́nu níléèwé ni? Àwọn tíṣà ibẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n á gbà á mọ́ra? Ẹ má fi àwàdà dá mi lóhùn o, ọkàn mi ò balẹ̀.

Alagba_Lyon:
Mama Tolu, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ bá mi kí dádì ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé wọn ò parọ́ pátápátá, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Lyon, ohun tí mo rí ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ni àwọn Faransé ń bá fà á, kì í ṣe ẹni tó dúró níwájú wọn. Ìjà yẹn sì ti pẹ́. De Gaulle, ààrẹ wọn nígbà yẹn, ló yọ ilẹ̀ Faransé kúrò lábẹ́ àṣẹ ológun NATO, ẹgbẹ́ ààbò tí Amẹ́ríkà ń ṣáájú, lọ́dún 1966, ó ní kí gbogbo sójà Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ òun palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ó di 2009 kí Ààrẹ Sarkozy tó dá wọn padà sí i. Lọ́dún 1999, Amẹ́ríkà gbé owó ibodè gọbọi lé Roquefort, wàràkàṣì ilẹ̀ Faransé, torí pé Yúróòpù ò gba ẹran màlúù tí wọ́n fún ní họ́mónù, làwọn àgbẹ̀ bá fàbínú yọ, José Bové, àgbẹ̀ kan nínú wọn, kó wọn sòdí, ó di ìlú Millau, wọ́n tú McDonald's tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ palẹ̀. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ilẹ̀ Faransé yìí kan náà wà lára ibi tí McDonald's ti ń tajà jù lágbàáyé tí ẹ bá yọ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ kúrò. Ẹnu tí wọ́n fi ń bú u náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ti Iraq tí dádì ń sọ, 2003 nìyẹn. De Villepin, mínísítà Faransé fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dìde ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè lóṣù kejì ọdún náà, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn ò rí ìdí ogun. Inú bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà débi pé wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára pòtétò díndín, "French fries", tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ wọn! Torí náà, ẹ bi dádì léèrè ẹni tó ń bínú sí ẹnì kejì jù nínú àwọn méjèèjì. Kò tíì ju ọdún kan ààbọ̀ lọ ṣáájú ìgbà yẹn tí ìwé ìròyìn Le Monde kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìkọlù September 11, pé gbogbo wa ti di ará Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá sì dé Colleville-sur-Mer ní Normandy, níbi tí sàréè àwọn sójà Amẹ́ríkà tó lé ní 9,000 wà, ẹ máa rí àwọn ọmọ iléèwé Faransé tí tíṣà kó wá, tí kò sẹ́ni tó ń pariwo nínú wọn.

Bisi_Assistante:
Àǹtí, èmi ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, níléèwé girama kan nílùú kékeré, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Kò sẹ́ni tó máa kórìíra ẹ̀. Ohun tó máa dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó máa sáré dì mọ́ ọn. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà wá, ó ti mọ́ ọn lára kí àjèjì rẹ́rìn-ín sí i nínú ṣọ́ọ̀bù, kó béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, kó tún yin bàtà ẹ̀, níbẹ̀ ojú gbogbo èèyàn á le koko, ó máa rò pé òun ti ṣẹ̀ wọ́n ni. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe síra wọn náà nìyẹn, ó máa tó oṣù bíi mélòó kan kó tó rí ẹni tó máa pè é wálé wá jẹun, àmọ́ ẹni tó bá pè é yẹn, ó ti pè é tán, kì í ṣe ti ojú ayé.

Èyí tó ṣe kókó jù ni kíkí. Ẹ sọ fún un pé kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dírẹ́bà o, alábúrẹ́dì o, akọ̀wé iléèwé o, kó kọ́kọ́ sọ "bonjour", kó sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń sáré bọ́ sórí ọ̀rọ̀, pé ẹ jọ̀ọ́ níbo ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, ojú burúkú ló sì ń tẹ̀ lé e. Bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni yẹn àti wẹ́tà nìyẹn, mi ò sí níbẹ̀ ṣá. Ọmọ tí ìyá Yorùbá tọ́, kò yẹ kíyẹn ni ín lára, àfi tẹ́ ẹ bá ti fi títọ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún Atlanta (mo ń ṣeré o, Àǹtí, ẹ má bínú).

Ní yàrá àwọn tíṣà, ìdí ẹ̀rọ kọfí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kó má lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kó máa tẹ fóònù, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ di April. Kó lọ dúró tì wọ́n, kó béèrè nípa ìyanṣẹ́lódì tó ń bọ̀, torí òmíràn ń bọ̀ nígbà gbogbo. Tíṣà kan wà níléèwé tèmi, ìyá àgbà kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí Amẹ́ríkà tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ò lè tọ́jú aláìsàn láìgbowó gegere lọ́wọ́ wọn, bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣòfin. Mo bá a jiyàn, ó ń fi ṣíbí kọfí ẹ̀ lu tábìlì, mo rò pé ó ti parí láàárín wa nìyẹn, àṣé inú ẹ̀ ń dùn ni, láti ọjọ́ náà ló ti ń fi mọ́tò ẹ̀ gbé mi lọ sílé. Wọ́n fẹ́ràn iyàn. Ẹni tó bá kàn ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo nǹkan máa ń tètè sú wọn.

Àwọn tíṣà kan á sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé àwọn, pé bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ò bá a mu. Kó rẹ́rìn-ín kó máa bá tiẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ò rí tìyẹn rò, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ gbọ́: ṣé lóòótọ́ ni pé yẹ́lò ni bọ́ọ̀sì iléèwé yín, ṣé ẹ ní ìbọn nílé, ṣé o ti rí Beyoncé rí, kí lo rò nípa Trump. Ìbéèrè ìbọn yẹn ò ní í tán, láti October tó bẹ̀rẹ̀ títí dé April tó máa parí. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan o, bíi 800 euro lóṣù fún wákàtí 12 lọ́sẹ̀. Agbègbè Lille ṣì sàn, tó bá jẹ́ Paris ni, ilé á gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Otito_Koro:
Ẹ ẹ̀ tíì sọ ọ́ tán. Mo gbà pé wọn ò kórìíra wọn, àmọ́ wọ́n ń fojú kéré wọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ìyá ọmọ. Faransé nìyàwó mi, èmi àtàwọn àna mi jọ ń jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí ará Amẹ́ríkà kankan ò bá sí níkàlẹ̀. Pé wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rìn jẹun lójú títì, owó nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ibi tí orílẹ̀-èdè ẹlòmíì wà lórí máàpù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń sọ èyí jù kò dé Amẹ́ríkà rí o! Inú fíìmù ló ti mọ gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá sì palẹ̀ àwo mọ́ tán, fíìmù Amẹ́ríkà náà ló máa jókòó tì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí Faransé ọmọ yẹn bá já gaara, ó máa gbọ́ irú ẹ̀ létí ara ẹ̀, wọ́n á wá yíjú sí i, wọ́n á ní "àmọ́ ìwọ, o yàtọ̀ sí wọn". Lójú tiwọn, wọ́n ń yìn ín nìyẹn.

Omo_Creteil:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ ẹ̀ tíì mẹ́nu ba èyí tó kan ọmọ yìí jù. Ọmọ dúdú ni, orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́. Kó tó lanu, ará Áfíríkà ni wọ́n máa kà á sí, tó bá wá lanu tí ohùn Amẹ́ríkà jáde, ojú wọn á yí padà. Mo rí i ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan níbí. Ìyá kan láti Mali ló wà níwájú wa, obìnrin tó wà ní kántà ń jágbe mọ́ ọn nítorí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ó kan ọ̀rẹ́ mi ará Chicago, dúdú ni bíi ti ìyá yẹn, Faransé ẹ̀ ò sì tó ti ìyá yẹn rárá, obìnrin kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín sí i pé New York wu òun láti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi jáde.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Josephine Baker, akọrin àti oníjó dúdú tó ti St. Louis ní Amẹ́ríkà wá, Paris ń pàtẹ́wọ́ fún un láti 1925, wọ́n sì ti gbé orúkọ ẹ̀ wọ Panthéon, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni Faransé, ní 2021, òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láwọn ọdún tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn náà, iṣẹ́ àfipáṣe ni Faransé ń mú àwọn èèyàn dúdú ṣe nílẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn, 1946 ni wọ́n tó fòfin dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọkùnrin tó fẹ́ wá lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ti ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ rò: ìwádìí tí Défenseur des droits, iléeṣẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ aráàlú níbí, gbé jáde ní 2017 sọ pé tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá jọ dúdú tàbí Lárúbáwá, ó fi ìlọ́po 20 ṣeé ṣe ju ti àwọn yòókù lọ kí ọlọ́pàá dá a dúró fún ìwé. Ọlọ́pàá ò sì mọ ohùn Amẹ́ríkà kó tó dá èèyàn dúró. Kí ọmọbìnrin náà máa mú ìwé ẹ̀ dání ṣá.

MamaTolu:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún dádì, wọ́n dákẹ́, ìgbà tó yá wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un kà. Èyí tí wọ́n wá ń béèrè báyìí ni pé ẹnì kan sọ fún wọn pé báńkì ibẹ̀ kì í gba ọmọ Amẹ́ríkà. Àbí ìyẹn náà jẹ́ ìkórìíra?

Alagba_Lyon:
Rárá o, òfin Amẹ́ríkà fúnra wọn ló fà á. FATCA ni wọ́n ń pè é, 2010 ni wọ́n ṣe é, ó ní kí báńkì ilẹ̀ òkèèrè máa fi àkáǹtì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lọ́dọ̀ wọn han IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, báńkì tí ò bá ṣe é, wọ́n á gé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Làwọn báńkì kan bá ní wàhálà yẹn ti pọ̀ jù fún akọ́mọlédè tó ní 800 euro. Tí wọ́n bá lé e, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò gbà á, kó mú ìwé yẹn lọ sí Banque de France, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé, wọ́n á yan báńkì tó gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì fún un, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni lábẹ́ òfin Faransé.

Bisi_Assistante:
Kó tètè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé o, torí láìsí àkáǹtì, owó oṣù ò ní í rí ibi wọlé. Kó mú owó tó máa ná dání láti ilé, ti oṣù àkọ́kọ́ lè pẹ́. Kó sì gba ìwé ọjọ́ ìbí tó ní apostille, òǹtẹ̀ ìjọba tó ń fi hàn nílẹ̀ òkèèrè pé ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, kó tó kúrò ní Atlanta, wọ́n máa béèrè ẹ̀ fún nọ́ńbà ìlera, wíwá a kiri látòkèèrè ò dùn rárá.