Ọmọ mi ló wà lókè, kí ló dé tí wọ́n pe stalling fún un?

Ìyá ọmọ kan, Ohio:

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ọ̀rọ̀ stalling, ìyẹn kí oníjàkadì máa fi àkókò ṣòfò láì gbìyànjú láti jà, ni mo fẹ́ ká jọ sọ, èyí tí wọ́n ń pè fún ọmọ tó wà lókè, ìyẹn ẹni tó di ẹni kejì mú látẹ̀yìn, nínú ìjàkadì folkstyle tí wọ́n ń jà nílé-ìwé Amẹ́ríkà. Tẹni tó ń sá kiri lórí ìdúró kò ṣòroó mọ̀, gbogbo wa la máa ń rí i. Ti òkè yìí ló ń dàrú mọ́ni lójú, torí lójú òbí, ẹni tó wà lókè ló ń borí.

Níbi ìdíje kan, ọmọkùnrin mi fi pọ́ìntì kan ṣíwájú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ipele kẹta. Ọmọ kejì mú ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó kúnlẹ̀ síwájú, ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí fèrè ṣe dún, ọmọ mi gbá a mú níbàdí, ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó gbé àyà lé e lẹ́yìn, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìsàlẹ̀ ń rá, ó ń wọ́ ọ lọ títí wọ́n fi dé etí máàtì. Wọ́n dá wọn padà sáàárín, ohun kan náà ni. Rẹfirí ń sọ fún un pé kó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di ìkúùkù, ó gbé e sókè: ìkìlọ̀. Kò pẹ́ tó tún gbé e sókè, wọ́n fún ọmọ kejì ní pọ́ìntì kan. Bí wọ́n ṣe di ọgbọọgba nìyẹn, inú àfikún àkókò ni wọ́n sì ti na ọmọ mi.

Inú bí mi gidi. Kóòṣì rẹ̀ ló wá fi sùúrù là á yé mi. Nínú òfin NFHS, àjọ tó ń ṣòfin eré ìdárayá ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà, òfin tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọdé ń lò, iṣẹ́ ẹni òkè ni kó máa wá bí yóò ṣe fi ẹ̀yìn ẹni kejì lélẹ̀. Pé kò jẹ́ kó dìde nìkan kò tó. Ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan fún ẹni kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, pọ́ìntì 2. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìjà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ tó bá sì ti gbà lórí ìdúró ń bá a dé òkè, kì í parẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lojú yín ti rí?

Bàbá kan, Iowa:

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìsàlẹ̀ ni ọmọbìnrin tèmi wà ní tiwa. Ẹni tí wọ́n jọ ń jà ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ láàárín itan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì ṣe nǹkan kan mọ́. Mo ń retí kí wọ́n pe stalling fún un. Ọmọ mi ni wọ́n pè é fún! Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ká ìgúnpá mọ́ra, kò wá bó ṣe máa kúnlẹ̀ rárá. Mo gbà pé rẹfirí yẹn ríran. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá ń jà láti dìde, ìgbà náà ni gbogbo ayé ń rí i pé ẹni òkè kàn dì mọ́ ọn lásán ni.

Rẹfirí kan, Pennsylvania:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń wá. Mi ò retí pé kí ọmọ yí ẹni kejì dà dandan. Bó bá gbìyànjú half nelson (kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹni kejì dé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti yí i) tí wọ́n dí i, tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó tún wá apá mú, mi ò ní pè é, kódà kí ipele parí láì yí i. Èyí tí mo máa pè ni ẹni tó nà gbọọrọ sẹ́yìn ẹni kejì, tí ìbàdí rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Kò sí èèwọ̀ nínú kéèyàn di ọrùn ẹsẹ̀ mú láti fi gbé ẹni kejì lulẹ̀ tàbí kó má baà bọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti lulẹ̀ tán, kí ló tún ń ṣe níbẹ̀?

Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá dìde dúró, ẹni òkè gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa dá a padà sórí máàtì. Kó máa tì í jáde kúrò nínú òbìrí, stalling nìyẹn.

Àwọn òbí tún máa ń da èyí pọ̀ mọ́ locked hands. Bí ẹni òkè bá kó ọwọ́ méjèèjì wọnú ara wọn yí ẹni tó ṣì wà nílẹ̀ ká, pọ́ìntì kan ni lójú ẹsẹ̀, kò sí ìkìlọ̀. Bí ẹni kejì bá ti dìde dúró, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó lè kó o.

Kóòṣì kan, New Jersey:

Ẹ̀gbọ́n rẹfirí, ẹ ṣeun. Orí tẹlifíṣọ̀n làwọn ọmọ wa ti ń kọ́ àṣà kí ẹni òkè kàn máa dì mọ́ni lásán. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, riding time wà: bí àkókò tí ẹnì kan lò lókè bá fi ìṣẹ́jú kan ju ti ẹni kejì lọ, ó máa gba pọ́ìntì kan ní òpin ìjà. Kò sí ìyẹn fún àwọn ọmọdé. Kódà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, bí ẹni òkè bá sọ̀ kalẹ̀ di ẹsẹ̀ mú, rẹfirí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún un.

Ìyá ọmọ kan, Ohio:

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní bí òun bá fi ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ẹni kejì sì bọ́ ńkọ́?

Kóòṣì kan, New Jersey:

Ó máa bọ́ nígbà míì, mà. Pọ́ìntì kan ni escape, ìyẹn bíbọ́ ẹni ìsàlẹ̀, iye kan náà tó sọ nù sọ́wọ́ stalling ẹ̀ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bó bá gòkè wá apá tó sì yí i, near fall, ìyẹn kí ẹ̀yìn ẹni kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, á fún un ní pọ́ìntì 2, ó lè tó 4 bó bá mú un pẹ́. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ apá tó sún mọ́ ọn jù.