Kọfí iṣẹ́ alẹ́ mi àti ìrìbọmi tó ń bọ̀

Nọ́ọ̀sì_Ààjìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń mú oúnjẹ tutù lórí tábìlì nílé wa.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ilé Adventist ni mo fẹ́ sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ọkọ mi lọ ìsìn Sátidé kí n tó pinnu fúnra mi pé mo fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ohun jíjẹ àti mímu tí àwọn Adventist máa ń yẹra fún, ẹlẹ́dẹ̀ ò ṣòro fún mi, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó dùn mí láti fi ìgbín sílẹ̀, ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Kọfí ló kù.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà. Bó bá ti di aago méjì òru, tí àwọn ìyá ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, tí fáànù ń dún kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀, oorun á wá bá mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Bí mo bá tòògbé, omi tó ń wọ ara ọmọ lè tán kí ẹ̀jẹ̀ máa padà sínú rọ́bà. Torí náà, láti ọdún mẹ́fà, sáṣẹ́ẹ̀tì Nescafé méjì ló ń wà nínú fúláàsì mi ní gbogbo alẹ́ iṣẹ́.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa loṣù tó kọjá. Wọ́n ń wá ṣúgà, wọ́n bá rí páálí náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n jókòó tì í títí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé. "Ìyàwó mi, ṣé èyí lo fẹ́ gbé wọ inú omi?"

Ojú tì mí, mo ní ó parí. Mo mu èyí tó gbẹ̀yìn lóru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Lọ́jọ́ Sátidé, nínú Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń gún iyán nínú agbárí mi. Mo ní ibà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan yẹ̀ mí wò, kò sí ibà. Nígbà tí a délé, Màámi, ìyá ọkọ mi, fún mi ní Panadol Extra méjì, kò tó wákàtí kan, orí fúyẹ́. Wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Ìgbọràn ló wò ọ́ sàn."

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń bí mi nínú ni pé Màámi yìí náà kì í wọ bọ́ọ̀sì lọ Ìbàdàn láìfi obì gbàǹja méjì sínú báàgì, "kí oorun má baà gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ." Bí mo bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní igi Ọlọ́run ni.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé wọ́n lè tìtorí kọfí dá mi dúró létí omi? Ṣé òfin ni àbí ìmọ̀ràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi, ìyẹn ti tó nílé.

Alàgbà_Erúnmu

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. N ò ní wàásù, mo kàn fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wò. Ẹ̀jẹ́ 13 ni wọ́n máa kà sí ọ létí. Ìkẹwàá ni ti ara: oúnjẹ àìmọ́, ọtí, tábà, àti ìlòkulò oògùn. Fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, o ò ní gbọ́ orúkọ kọfí, o ò ní gbọ́ ti tíì. Nínú àwọn ìgbàgbọ́ 28 tí ìjọ kọ sílẹ̀, ìkejìlélógún ló sọ̀rọ̀ nípa ìwà Kristẹni, kò dárúkọ kọfí níbẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní kí o má wọ omi nítorí Nescafé, ti ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n má ṣe gba ibẹ̀ sá lọ. Ìjọ gbà wá nímọ̀ràn, kò sì fi bò, pé ká yẹra fún kọfí, tíì àti ohun mímu mìíràn tí káfíìnì, èròjà tó ń lé oorun, wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Joseph Bates, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà àkọ́kọ́, ọ̀gákọ̀ ojú òkun ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pa tíì àti kọfí tì kí ìjọ wa tó ní orúkọ rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1863 ni Ellen White, tí ìjọ wa gbà bíi wòlíì, rí ìran nípa ìlera ní Otsego, ní Michigan, àtìgbà náà ló sì ti ń kọ̀wé ta ko nǹkan méjèèjì. Bí ó ṣe yé mi nínú ìwé rẹ̀, wọ́n ń fún ara ní agbára tí kì í ṣe ti ara, nígbà tí agbára náà bá sì lọ, ara á rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru á mọ̀ bóyá irọ́ ni.

Ìyá yìí kan náà kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1888 pé ó ti pẹ́ tí òun ti ra tíì fún ara òun, àti pé bí èébì bá dà òun gidi nìkan lòun máa ń mu ún, bí oògùn. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ìyàtọ̀ láàárín oògùn àti ohun mímu. Èwo ni ti inú fúláàsì rẹ? Ìwọ nìkan ló lè dáhùn, mi ò ní bá ọ dáhùn.

Ní ti obì: nígbà tí David Babcock, míṣọ́nnárì, gbé ìjọ yìí dé ọ̀dọ̀ wa ní Erúnmu ní 1914, mi ò rò pé kọfí ló bá lẹ́nu àwọn baba wa. Wo obì ìyá ọkọ rẹ fínnífínní.

Ọmọ_Rẹ́mọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nílé wa, Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Ovaltine, tíì ni. Lipton wá ń jẹ́ Lipton. Nígbà tí pásítọ̀ wa wàásù ní bíi ogún ọdún sẹ́yìn pé ká jáwọ́ nínú tíì, ìyá mi gbé odindi agolo Milo fún ará ilé kejì. Àbúrò mi sunkún títí. Lipton wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní omi pupa lásán ni, àlejò ló wà fún.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí Màámi. Wọn ò parọ́, ọ̀rọ̀ "tíì" ló ń parọ́ fún gbogbo wa. Kòkó náà ní káfíìnì, àmọ́ bín-ín-tín ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọfí.

Oníkẹ́míìsì

Mo ka ìtàn Panadol yẹn, mo dìde lórí àga.

Àǹtí, ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ síwájú. Panadol lásán, parasítámọ̀ nìkan ni. Extra yẹn, káfíìnì ni "Extra" rẹ̀: míligíráàmù 65 nínú hóró kan. Méjì lẹ lò, 130 nìyẹn. Ife Nescafé kan á tó bíi 60. Ìyá ọkọ yín ti da fúláàsì yín padà sí yín lẹ́nu, omi gbígbóná ló kù. Kì í ṣe ìgbọràn ló wò yín sàn, kọfí ni.

Ẹ̀fọ́rí yẹn kì í ṣe ibà, kì í ṣe ìdánwò. Ara tó ti mọ́ káfíìnì lára fún ọdún mẹ́fà, bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láàárín wákàtí 12 sí 24 orí á bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ má tún já a bẹ́ẹ̀. Ẹ dín in kù: sáṣẹ́ẹ̀tì kan àbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìdajì.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ bi yín: aago mélòó lẹ ń sùn tí ẹ bá délé? Bí ẹ bá mu kọfí ní aago méjì òru, ní aago méje àárọ̀ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ ò ní sùn dáadáa lọ́sàn-án, oorun á tún mú yín lóru, ẹ ó tún mu kọfí. Ẹ gbé e wá sí aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ sì sùn fún wákàtí kan àbọ̀ kí ẹ tó wọṣẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi ẹ́nájì dìríǹkì rọ́pò o. Agolo 25cl oríṣi mìíràn gbé 80. Kóòkì oní-33cl náà lé ní 30. Bí oyún bá sì wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá 200 lóòjọ́.

Obì, bẹ́ẹ̀ ni, káfíìnì wà níbẹ̀, gbàǹja àti àbàtà. Orógbó ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ ilé lóru.

Ìyá_Onísóyà

Ẹnu lẹ sọ̀rọ̀ lé, ẹ ò sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́. Nọ́ọ̀sì, apá kan wà tó jẹ́ pé nǹkan gbígbóná, dúdú, kíkorò, tí ẹ máa di mú ní òru lẹ ń fẹ́, kì í ṣe káfíìnì.

Àwọn Adventist ìlú Battle Creek, ní Amẹ́ríkà, ti mọ ìyẹn látijọ́. Ní ilé ìtọ́jú tí Dókítà Kellogg ń bójú tó níbẹ̀, ọkà sísun ni wọ́n ń pọn bí kọfí fún àwọn aláìsàn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ C. W. Post gba ìtọ́jú níbẹ̀ ní 1891, nígbà tó di 1895 ó gbé Postum tirẹ̀ jáde, àlìkámà àti ìyangbo rẹ̀ pẹ̀lú oje ìrèké, ó sì di olówó.

Èmi, sóyà àti àgbàdo ni. Ẹ yan sóyà lórí iná tí ò le títí tí yóò fi dúdú bí èèpo igi, kì í ṣe bí èédú o, ó ti jó mọ́ mi lọ́wọ́ rí, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ yan àgbàdo náà lọ́tọ̀, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ. Ó kọ́kọ́ dà bí omi ìkòkò. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ó máa wá a. Koríko ọba náà dára, ẹ já a lẹ́yìn ilé, kò ní káfíìnì kankan.

Nọ́ọ̀sì_Ààjìn

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Bàbá Alàgbà, mo dúpẹ́ sà. Ìbéèrè yín nípa oògùn àti ohun mímu, mi ò tíì lè dáhùn rẹ̀. Lóru tí ọmọ mẹ́ta ń gba ẹ̀jẹ̀ pọ̀, oògùn ni. Lọ́jọ́ tí mo wà nílé tí mo tún pọn ọ́n, n ò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ fún pásítọ̀ wa. Ó ní kí n máa bọ̀ létí omi, àti pé ọ̀rọ̀ kọfí yìí, òun náà ṣì ń bá a jà. (N ò retí ìyẹn.) Mo ti wà lórí sáṣẹ́ẹ̀tì kan, aago mẹ́wàá alẹ́, fúláàsì kejì koríko ọba ló wà nínú rẹ̀. Lálẹ́ àná mo tòògbé lẹ́ẹ̀kan, alábàáṣiṣẹ́ mi jí mi. Sóyà náà, mo ti yan án. Ó jó.

Màámi ńkọ́? Mo mú páálí Panadol Extra lọ bá wọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu wọn ń mì. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fa báàgì wọn súnmọ́ra, wọ́n yọ obì náà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí.

"Èyí náà ńkọ́?"

"Ó wà nínú rẹ̀, Màámi."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá dì í padà sínú ọ̀rá. "Ọ̀la ni mò ń lọ Ìbàdàn. Bí mo bá dé, a ó tún ọ̀rọ̀ yìí sọ."